Gẹ̀gẹ̀ Lọ́rùn Olóhùn Iyọ̀

Omi ni Gbádébọ̀ ń mu lọ́wọ́ nígbà tí Hameedat ìyàwó rẹ̀ rí i. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gan-an, ó gbé ike omi sẹ́nu, ó sì gbé àgbọ̀n sókè. Bí omi ṣe ń lọ lọ́fun rẹ̀ ni nǹkan kan ń bá a lọ sókè sódò lábẹ́ awọ ọrùn, bí ẹyin tí wọ́n fi aṣọ wé. Hameedat rò pé ojú ń tan òun ni. Ó ní kí ó tún un mu.

"Kí n tún kí ni mu?"

"Omi, Bàbá Lará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un mu."

Ó tún un mu. Nǹkan náà tún gòkè, ó tún sọ̀kalẹ̀. Hameedat nawọ́ sí ọrùn náà.

"Ó ti pẹ́ níbẹ̀," Gbádébọ̀ wí, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kò dùn mí. Kò sì dí mi lọ́wọ́."

Ó ti mọ̀, kò sì sọ. Ìyẹn dun obìnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù borí ìbínú. Ní Ìsẹ́yìn níbi tí wọ́n ti bí i, ó mọ àwọn ìyá àgbà tí gẹ̀gẹ̀ yọ sí lọ́rùn, tí wọ́n gbé e kiri títí ọlọ́jọ́ fi dé, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè rẹ̀. Ì bá jẹ́ ọrùn ẹlòmíràn ni, bóyá kì bá tí kà á sí. Ṣùgbọ́n ọrùn Gbádébọ̀ kì í ṣe ọrùn lásán.

Tẹ́nọ̀ ni Gbádébọ̀. Iṣẹ́ iná ló fi ń jẹun, àmọ́ láti Okokomaiko títí dé Ìbà, gbogbo ẹni tó bá mọ orin inú ìwé, àwọn orin gígùn àtijọ́ tí wọ́n ń fi dùùrù gbè lẹ́sẹ̀, mọ̀ pé bí a bá ń wá ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ lè gun òkè láìfọ́, tí kò ní pariwo, tí kò sì ní fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀ kó máa ké bí ọmọdé, òun ni. Hameedat alára, ohùn ló kọ́kọ́ fẹ́ràn kí ó tó fẹ́ olóhùn. Aṣọ ọmọdé ló ń tà lọ́jà Ìyànà-Ìbà. Lọ́jọ́ kan wọ́n pe oníná kí ó wá fa wáyà sí ilà ṣọ́ọ̀bù wọn. Oníná gun inú àjà lọ, kò sì pẹ́ tí orin fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti òkè. Èdè náà kò yé ẹnì kan, síbẹ̀ àwọn oníbàárà dúró, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wá ẹni tó ń kọrin, kò sì sí ohun tí wọ́n rí ju pátákó àjà lọ. Ilé aláfáà ni wọ́n ti tọ́ Hameedat dàgbà. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ra, kálukú di ẹ̀sìn tirẹ̀ mú, kò sì sí ìjà. Kò wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Alámìísì, bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á gba ẹ̀yìn fẹ́ńsì ṣọ́ọ̀ṣì náà kọjá, á dúró lábẹ́ fèrèsé díẹ̀, á gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láàárín ohùn àwọn yòókù, á sì máa lọ sílé lọ dáná.

Ohun tó wà nínú ewu nìyẹn.

Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà tó gbà wọ́n ń jẹ́ Adébímpé, obìnrin kúkurú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní kí Gbádébọ̀ gbé ojú sókè, ó fi ìka méjì wá ìsàlẹ̀ gẹ̀gẹ̀ náà, kò débẹ̀. Ó wo fọ́tò inú ọrùn tí wọ́n ti yà wá.

"Ó ti ń wọ inú àyà lọ," ó wí. "Ó sì ti ń ti ọ̀nà èémí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A máa gé e kúrò ni. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Oníná ni mí."

"Wọ́n tún ń kọrin, dókítà," ni Hameedat fi kún un. "Tẹ́nọ̀ ni wọ́n."

Dókítà gbé bíírò sílẹ̀. Ó wo Gbádébọ̀ bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

"Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Iṣan kan wà níbi tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́ yẹn, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Òun ló ń fa ohùn le kó tó lè gòkè. Màá ṣọ́ ọ bí ẹyin ojú. Tó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ, ọkàn mi balẹ̀ pé ó máa padà. Ohùn òkè yẹn ni mi ò lè ṣèlérí."

"Tí a ò bá gé e ńkọ́?" Gbádébọ̀ bèèrè.

"Á máa tóbi sí i. Lọ́jọ́ kan, ẹ máa fẹ́ fa èémí, kò sì ní wọlé."

Wọ́n fún un ní ọjọ́: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọdún Àjíǹde. Hameedat rí bí ojú ọkọ rẹ̀ ṣe yí padà, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àjíǹde yẹn gan-an ni àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì láti Ọ̀jọ́, Ìjànikín àti Okokomaiko fẹ́ para pọ̀ kọ orin ńlá kan tí wọ́n ti ń kọ́ bọ̀ láti èṣí. Tẹ́nọ̀ ló ń ṣí orin náà, òun nìkan ṣoṣo. Dùùrù á dákẹ́, gbogbo ilé á dákẹ́, ọkùnrin kan á sì dìde, á gun orin náà lọ sókè bí ẹni ń gun àkàbà tí kò fara ti nǹkan kan. Gbádébọ̀ ni wọ́n yàn fún un.

Hameedat rò pé ọkọ òun ti gba kámú ni. Ọ̀sẹ̀ kejì ni nọ́ọ̀sì kan pè é lórí fóònù, nítorí nọ́ńbà tirẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Dókítà ní kí n bi yín bóyá ẹ ti rò ó dáadáa kí dádì tó wá sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà síwájú."

Aṣọ ọmọ ìkókó tí ó ń ká lọ́wọ́ bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí Gbádébọ̀ dé lálẹ́, Hameedat kò jẹ́ kí ó jókòó tán.

"Ta ni ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ̀ kí ẹ tó lọ sún ọjọ́?"

"Ẹ̀yìn Àjíǹde ni mo sún un sí. Kò jìnnà."

"Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ orin?"

Ọkùnrin náà jókòó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó dáhùn. "Hameedat, tí wọ́n bá là mí, tí ohùn yẹn bá lọ, mi ò ní kọ orin náà mọ́ láéláé. Jẹ́ kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n gé ohun tó bá wù wọ́n."

Ẹni tó bá bínú, èèyàn lè bá a jà. Ẹni tó ń bẹ èèyàn ńkọ́?

Láti ìgbà náà ni ọkàn Hameedat kò ti balẹ̀ mọ́. Gbádébọ̀ kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Orí àga ló ń sùn, pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn ọrùn, èémí rẹ̀ a sì máa dún bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Hameedat á máa tẹ́tí sí i. Bí ó bá ń dún, ẹ̀rù á bà á. Bí kò bá dún, ẹ̀rù á tún bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jà, ẹni tó ní kí ó bá òun wá ṣòkòtò ọmọkùnrin, gáùn ló fún un. Á pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù láàárọ̀, á tún pè é lọ́sàn-án.

"Ẹ ti jẹun?"

"Hameedat, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí tán ni."

"Mo gbàgbé ni." Kò gbàgbé. Ohùn náà ló fẹ́ gbọ́, bóyá ó ṣì ń dún.

Gbádébọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ títí dé ọrùn, nínú ooru yẹn, kí àwọn akọrin má baà rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ Alámìísì kan, Hameedat gba ẹ̀yìn fẹ́ńsì bí ìṣe rẹ̀. Dùùrù dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlà kìíní jáde, ó mọ́ bí omi òjò, Hameedat sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ara rẹ̀. Ìlà kejì gòkè, ó ń gòkè, ìgbà tó dé téńté, ohùn náà fà ya. Kì í ṣe pé ó ṣìnà. Ó ya, bí ìgbà tí aṣọ bá kọ́ ìṣó. Ohun tó tẹ̀lé e ló burú jù: èémí tí ọkùnrin náà fẹ́ fà sínú dún fíìì, gígùn, gbogbo akọrin sì gbọ́ ọ.

"Òtútù yẹn ò tíì lọ," ohùn Ọ̀gbẹ́ni Àlàó, ọ̀gá akọrin, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká tún un mú."

Wọ́n tún un mú. Ó tún ya. Hameedat fẹsẹ̀ lé bíríkì kan, ó yọjú lójú fèrèsé. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn àga iwájú mú, tí iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn, tó sì ń mi orí pé òun fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì, sí ilé Ọ̀gbẹ́ni Àlàó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, òun ló kọ́ Gbádébọ̀ ní orin láti kékeré, nígbà tí ohùn rẹ̀ kò tíì dá. Hameedat kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́: gẹ̀gẹ̀, dókítà, ọjọ́ tí wọ́n sún, orí àga tó ń sùn.

Bàbá náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ó ní òtútù ló mú òun."

"Kì í ṣe òtútù, sà."

"Ìyàwó wa, tí mo bá gba orin yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé o mọ ohun tí mò ń gbà?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ bá mi gbà á."

"Kò ní dárí jì ọ́ bọ̀rọ̀. Kò sì ní dárí ji èmi náà."

"Tó bá wà láàyè, sà, kó máa bínú sí mi lọ."

Bàbá náà ní kí ó dìde. Kò ṣèlérí kankan. Ṣùgbọ́n ní ìdánrawò tó tẹ̀lé e, ó kéde pé Ṣẹ́gun, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀jọ́, ni yóò kọ orin ìbẹ̀rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Gbádébọ̀ tètè délé. Hameedat ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"O lọ bá Bàbá Àlàó."

"Mo lọ."

Ó retí kí ó pariwo. Ì bá sàn fún un kí ó pariwo. Ọkùnrin náà kàn mi orí, ó ní, "Ó dáa," ó sì wọlé. Ní àárọ̀, ó fúnra rẹ̀ pe ilé ìwòsàn, ó ní òun ti ṣe tán, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ tó sún mọ́. Láti ìgbà náà, ọmọ wọn ló fi ń rán ọ̀rọ̀ sí ìyàwó rẹ̀. "Lará, sọ fún ìyá ẹ pé mo ti jẹun." Lará á wo ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, á ní, "Mọ́mì, wọ́n ní àwọn ti jẹun." Nígbà tí wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ojú fèrèsé ló ń wò títí wọ́n fi débẹ̀.

Lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú yàrá iṣẹ́ abẹ, Hameedat yọ tẹ̀sùbáà, ó ń fà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ibẹ̀ jáde, á dìde. Wọ́n á kọjá lára rẹ̀, á tún jókòó. Wọ́n sáré gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé nígbà kan, kò sì mọ̀ bóyá ti ọkọ rẹ̀ ni. Ìrun ọ̀sán tó, ó kí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀, etí rẹ̀ kan ń bẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọlọ́run, ẹ dá a padà fún mi láàyè. Ohun tó ń sọ nìyẹn, ó ń sọ ọ́ léraléra títí ètè rẹ̀ fi gbẹ.

Nígbà tí Dókítà Adébímpé jáde níkẹyìn, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"A ti yọ ọ́. Ó ń mí dáadáa. Iṣan tí mo sọ fún yín, méjì ni; ti apá ọ̀tún, mo rí i kedere. Ti apá òsì ti lẹ̀ mọ́ gẹ̀gẹ̀ náà. Mo tú u bí mo ṣe lè tú u. Ìgbà ló máa sọ."

Hameedat dúpẹ́ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Ní ọjọ́ kejì ni Gbádébọ̀ tó sọ̀rọ̀, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lásán ni. Hameedat ń fi ṣíbí fún un ní ògì. Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kan apá rẹ̀ pé kí ó dúró ná.

"Nígbà tí o ń gbàdúrà níta…"

"Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Ṣé o bá mi bẹ̀bẹ̀ fún ohùn náà?"

Ṣíbí dúró lójú òfuurufú. Ó lè purọ́. Irọ́ náà kéré, ó sì lè ṣe oore. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, tó ti rù, tó ń dúró de èsì.

"Rárá," ó wí. "Ẹ̀mí nìkan ni mo bèèrè."

"O ò rántí ohùn."

"Mo rántí ẹ̀, Bàbá Lará. Ó wà lẹ́nu mi. Ẹ̀rù ló bà mí pé tí mo bá bèèrè méjì, wọn ò ní fún mi ní ìkankan."

Gbádébọ̀ yíjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ohùn kankan nínú ẹkún náà. Hameedat gbé ògì sílẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kí òun jáde tàbí kí òun dúró. Ọwọ́ tí ọkùnrin náà gbé lé apá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò gbé e kúrò, nítorí náà ó dúró.

Nígbà tí ọjọ́ Àjíǹde fi pé, wọ́n ti dá a sílẹ̀ láti ilé ìwòsàn. Ó ní òun máa lọ gbọ́ orin náà. Hameedat ní àwọn á jọ lọ. Ó wọ híjáàbù rẹ̀ tó mọ́ jù, ó sì wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n jókòó sí. Dùùrù dákẹ́. Ṣẹ́gun dìde, ó ṣí ìwé orin. Hameedat kò mọ èwo ni kí òun fẹ́. Bí ọmọ yìí bá kọ ọ́ dáadáa, ìyẹn á gún ọkọ òun lọ́kàn. Bí ó bá bà á jẹ́, àánú orin náà á pa á.

Ọ̀dọ́kùnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ètè Gbádébọ̀ ń bá a lọ, láìdún. Ní ìlà kejì, bí ohùn náà ṣe ń sún mọ́ òkè, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó fún un títí ó fi dùn ún. Ṣẹ́gun dé òkè. Kò dùn tó bí Gbádébọ̀ ṣe máa ń kọ ọ́, Hameedat tí kò mọ ìwé orin kà mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n kò ya. Ó dúró lókè náà, ó sì sọ̀kalẹ̀ láyọ̀. Ọwọ́ Gbádébọ̀ tú.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, Ṣẹ́gun wá sẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo sáré ní ìlà kejì."

"O sáré," Gbádébọ̀ dá a lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Máa mí dáadáa kí o tó gòkè. Àmọ́ o gbìyànjú. O gbìyànjú gan-an."

Ó ku èsì àyẹ̀wò ohun tí wọ́n gé jáde. Hameedat ti fi ẹ̀rù rẹ̀ sùn, ó ti fi jí. Nígbà tí wọ́n padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sọ fún wọn pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Hameedat ní "Alihamudulilahi" kí ó tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu. Gbádébọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Dókítà, ká ní mo dúró di ẹ̀yìn Àjíǹde ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Ọ̀nà èémí yín ti há gan-an. Ẹ lè kọ orin yẹn tán. Ẹ sì lè ṣubú síbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ̀, irọ́ ló ń pa fún yín."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá padà sílé. Nígbà tí wọ́n kọjá ọjà Ìyànà-Ìbà, Gbádébọ̀ yíjú sí i.

"Ó ṣeé ṣe kí n kọ ọ́."

"Ó ṣeé ṣe," Hameedat wí.

"Ó sì ṣeé ṣe kí n kú."

"Ó ṣeé ṣe."

"Mi ò lè sọ pé kò dùn mí, ohun tí o ṣe yẹn. Á pẹ́ kó tó tán."

"Kò burú. Mo wà níbí, mi ò lọ ibì kan."

Nígbà tí òjò wá ń rọ̀ lójoojúmọ́, ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà, ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohùn òkè kò padà. Ó ń wá a, á gun ìró orin náà dé ibì kan, atẹ́gùn lásán á sì jáde. Ọ̀gbẹ́ni Àlàó wá ní kí ó gbé ìjókòó rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn báàsì, àwọn olóhùn ìsàlẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ti ibẹ̀ dé, Hameedat ń lọ aṣọ ilé ìwé Lará, ó sì ń ṣọ́ ojú rẹ̀.

"Báwo ni?"

"Àwọn èèyàn yẹn," Gbádébọ̀ wí, ó jókòó, "bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń kọrin. Wọn ò yára, wọn ò sì bìkítà. Tí tẹ́nọ̀ bá ń kú lọ lókè, àwọn ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀."

Hameedat bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbé e lọ́fun, ó di ikọ́. Hameedat ti gbé áyọ́ọ̀nù sókè kúrò lórí aṣọ kí ó tó mọ ohun tí òun ń ṣe.

"Kí lò ń wò?"

"Kò sí nǹkan."

"Ikọ́ lásán ni."

"Mo mọ̀."

Ó dúró títí ọkọ rẹ̀ fi húkọ́ náà tán, tí èémí rẹ̀ sì wọlé tó jáde geerege. Nígbà náà ló tó padà sídìí aṣọ.